Ta Ló Fọwọ́ Sí Iṣẹ́ Sítíárìn Jíìpù Yìí?

Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yín. Ọ̀rọ̀ sítíárìn ọkọ̀ ló gbé mi wá, pàápàá jù lọ sítíárìn àwọn jíìpù àti ọkọ̀ oko tí àwa ará Èkìtì fi ń wọ igbó, tí a fi ń gun òkè, tí a fi ń kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde, tí a sì tún ń gbé lọ sí ilé ìjọsìn ní ọjọ́ ìsinmi. Iṣẹ́ irin ni mo fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà, ẹ foríjì mí bí mo bá pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ bóòtù àti nọ́ọ̀tì.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, mo ra jíìpù Land Cruiser àtijọ́ kan nítorí oko mi tó wà lọ́nà Ìsẹ̀-Èkìtì. Irú èyí tí irin kan ṣoṣo gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì ni. Ẹni tó tà á fún mi kò fi pa mọ́ pé Japan ni ọkọ̀ náà ti wá, pé ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, àti pé wọ́n ti yí i sí ọwọ́ òsì. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kun ọkọ̀. Èmi náà kò sì bi í ní ìbéèrè kankan, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ló yẹ kí n bèèrè. N kò ní í di ẹ̀bi yẹn ru ẹlòmíràn.

Oṣù kan àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, èmi àti ìyàwó mi ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ sí Ìtawùré. Ẹni tó bá mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń fi ọkọ̀ ṣeré. Táyà wa bọ́ sínú kòtò kékeré kan tí kò jìn ju ìka ọwọ́ kan lọ, ọkọ̀ sì yà sí òsì fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ mi mì. Mo dá a padà. Ní kòtò kejì, ó tún yà. Mo fi gíá kékeré sí i, mo rọra ń wọ́ lọ bí ìgbín, bẹ́ẹ̀ ni tírélà kan ń fun fèrè lẹ́yìn wa bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìyàwó mi tí kò sọ nǹkan kan láti òkè wá wò mí nígbà tí a dé ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin lẹ ń wa ọkọ̀ yìí ni, àbí òun ló ń wà yín?”

Nígbà tí mo délé, mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ìṣó ni mo kọ́kọ́ rí. Níbi tí irin gígùn tó ń gbé agbára ọwọ́ awakọ̀ lọ síbi ẹsẹ̀ ti dúró, nọ́ọ̀tì kan wà tí wọ́n la orí rẹ̀ bí adé, kí a lè ki kọ́tà píìnì, ìyẹn píìnì kékeré tí a ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, bọ inú ihò bóòtù rẹ̀ kí ó má baà tú. Nínú gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀, bóyá ni a rí ohun tó pọ́ọ́kú tó kọ́tà píìnì. Síbẹ̀, ìṣó oníìnṣì méjì, irú èyí tí káfíńtà fi ń kan páànù, ni ẹni tó ṣiṣẹ́ yìí kì bọ ibẹ̀, tó sì fi òòlù tẹ imú rẹ̀ sẹ́yìn. Ìpẹtà ti jẹ ìṣó náà dé ìdajì. Mo fi ìka kàn án, ó ń mì.

Irin gígùn náà fúnra rẹ̀, irin méjì ni wọ́n gé tí wọ́n sì jó pọ̀ láàárín, láìfi irin oníhò kankan bò ó láti tì í lẹ́yìn. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti dúró wo àwọn wẹ́dà, bí wọ́n bá jó irú irin bẹ́ẹ̀ tán, omi ni wọ́n ń bù sí i kí oníbàárà lè tètè máa lọ. Alágbẹ̀dẹ kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó dúró síbẹ̀. Ó mọ̀ pé irin líle tó ti inú iná bọ́ sínú omi yóò le sí i, ṣùgbọ́n yóò gbẹ débi pé ó lè kán bí igi gbígbẹ; ìdí nìyí tó fi máa ń dá àdá padà síbi iná díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti rì í bọ omi, kí ara rẹ̀ lè rọ̀ níwọ̀nba. Àdá tó bá sì kán lóko, a ó ra òmíràn, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Irin sítíárìn kò ní ibòmíràn tó lè kán sí ju ojú ọ̀nà lọ.

Mo tún wo ibi tí wọ́n de bọ́ọ̀kìsì sítíárìn mọ́, ìyẹn àpótí irin tó ń gba agbára ọwọ́ awakọ̀ fún irin gígùn náà. Ṣásí ọkọ̀ yìí, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo ara rẹ̀, ní ihò nínú bí páìpù onígun mẹ́rin, nítorí náà àwọn tó ṣe é ní Japan fi irin róbótó tó la inú ṣásí já sí ọwọ́ ọ̀tún tó jẹ́ ibùjókòó bọ́ọ̀kìsì náà, kí bóòtù lè rí ohun tí yóò fi ara tì nígbà tí a bá fún un. Ní ọwọ́ òsì tí wọ́n gbé e wá, kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn lu ihò mẹ́rin, wọ́n ki bóòtù bọ̀ ọ́, wọ́n sì fún un. Bí wọ́n ti ń fún un ni ara ṣásí ń wọnú, bí ara ṣásí sì ti ń wọnú ni bóòtù ń dẹ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fún un tí kò ní í tún dẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣó, kì í sì ṣe bóòtù, ló mú ọkọ̀ náà máa yà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n. Mo fi odidi ọjọ́ kan lábẹ́ ọkọ̀ kí n tó rí èyí tó ṣe é, mo sì fẹ́ kí àwọn mẹkáníìkì tó bá ka lẹ́tà yìí fara balẹ̀ síbẹ̀. Lára irú jíìpù yìí, irin méjì ló gba iwájú ọkọ̀ kọjá ní ìbú. Èkíní so ṣásí mọ́ irin tó gbé ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹsẹ̀ náà má baà máa rìn sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ ọkọ̀. Èkejì ni irin sítíárìn, tó ti ara bọ́ọ̀kìsì lọ síbi ẹsẹ̀ tó wà ní òdìkejì. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ náà mú kí àwọn méjèèjì dà gẹ̀rẹ́ sí ọ̀nà kan náà, kí gígùn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí ó lè jẹ́ pé bí táyà bá gun òkúta tàbí tó bọ́ sí kòtò, àwọn méjèèjì yóò jọ gòkè, wọn yóò jọ sọ̀kalẹ̀, ojú táyà kò sì ní í yí padà. Àwọn tó yí sítíárìn tèmi gbé bọ́ọ̀kìsì lọ sí òsì, wọ́n sì fi irin èkíní sílẹ̀ sí ibi tó wà láti Japan. Ọ̀kan wá ń ti ọ̀tún dà lọ sí òsì, èkejì ń ti òsì dà lọ sí ọ̀tún, bí okùn méjì tí ó kọjá lórí ara wọn. Bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, ọ̀kan á ti ẹsẹ̀ sí òsì, èkejì á ti ojú táyà sí ọ̀tún, táyà á sì yí, bí awakọ̀ tilẹ̀ di sítíárìn mú bí ẹni di ìlẹ̀kùn mọ́ olè. Kò sí ẹ̀rọ aláímẹ̀ntì, èyí tí wọ́n fi ń tún ojú táyà tò kí ó gún, ní Adó-Èkìtì tàbí níbikíbi tó lè wo àìsàn yìí, nítorí pé nígbà tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, ohun gbogbo gún régé.

Irú ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé Hilux àti jíìpù sókè gan-an kí ó lè jọ tàwọn tó wà lórí fóònù, tí wọ́n sì fi táyà ńlá sí i. Bí irin sítíárìn bá ti dà ju bó ṣe yẹ lọ, kòtò kékeré yóò máa wa ọkọ̀ náà fún wọn. Mo ti sọ ọ́ fún ọmọ àbúrò mi kan. Ó ní ìgbà ayé wa ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ òfin, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀dùn mi wà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni orílẹ̀-èdè yìí fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, tí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún ojú pópó, àwa tó ti dàgbà nígbà náà kò sì gbàgbé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń wo ọ̀tún wo òsì ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà ní ọ̀tún ti di àjèjì lójú pópó wa. Ìjọba àpapọ̀ kò fẹ́ kí ó wọlé, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò sì fẹ́ kí ó máa rìn. Ìdí rẹ̀ yé mi: awakọ̀ tó jókòó sí ọ̀tún kò lè rí iwájú dáadáa bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ ẹrù sílẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì ń bẹ lọ́wọ́ wa. Bí ó ṣe wọlé, n kò ní í sọ, nítorí n kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹni tó bá ni í fi lè bá òfin mu ni kí ó gbé sítíárìn rẹ̀ lọ sí òsì, òfin tó lé wa dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà kò sì tẹ̀ lé wa dé ibẹ̀ láti wo ohun tí wẹ́dà ṣe.

Ẹ mú ìwé ọkọ̀ yín jáde kí ẹ wò ó. Nọ́ńbà ṣásí wà níbẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, àwọ̀ ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Bí mo bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí tí mo kun ọkọ̀ pupa ní dúdú láìsọ fún ìjọba, ẹjọ́ ni. Bí mo bá gé irin sítíárìn sí méjì tí mo sì fi ìṣó dè é, kò sí ibi tí a ó kọ ọ́ sí. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń lo máàkì láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ ti tún ṣe kọjá ààlà ṣì yẹ ní nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́. Bí ṣásí àtilẹ̀wá bá ṣì wà lára rẹ̀, ó gba 5. Sítíárìn gba 2, ẹ́ńjìnnì sì gba 1 péré. Ọkọ̀ tí máàkì rẹ̀ kò bá pé 8 yóò lọ fún àyẹ̀wò. N kò sọ pé kí a lọ kó òfin wọn wá sí Èkìtì bí ẹni kó aṣọ ẹlòmíràn wọ̀. Mo kàn ṣàkíyèsí pé níbẹ̀, sítíárìn wúwo ju ẹ́ńjìnnì lọ nínú ìwé, tiwa sì rèé, kò tilẹ̀ sí nínú ìwé rárá.

Ìbéèrè adójútòfò náà wà níbẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, owó tí ẹni tó ní ọkọ̀ aládàáni ń san fún èyí tí òfin fi dandan lé kúrò ní 5,000 náírà, ó di 15,000, iye tí a lè san fún dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ bá bà jẹ́ sì di 3,000,000 náírà. Ọ̀rọ̀ adójútòfò dúró lórí pé kí ẹni tó ń gba ìwé má fi ohun tó mọ̀ nípa ọkọ̀ rẹ̀ pa mọ́. Nígbà tí mo lọ gba tèmi, ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bi mí ní ọdún ọkọ̀ náà, ó bi mí ní nọ́ńbà fóònù mi, ó tẹ ìwé jáde, ó kí mi pé ó dàárọ̀. Bí sítíárìn yẹn bá ti já mọ́ mi lọ́wọ́ ní Ẹ̀fọ̀n, tí mo sì wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, ṣé wọn yóò san án, àbí wọn yóò sọ pé mo fi ìyípadà sítíárìn pa mọ́ fún wọn? Mo fẹ́ kí ẹnìkan tó mọ òfin dá mi lóhùn nínú ìwé ìròyìn yìí.

Ọ̀rọ̀ àwọn agbégilódò tún yàtọ̀. Nínú igbó tó wà ní agbègbè Ìsẹ̀ àti Ẹmùré, mo ti rí ọkọ̀ agi, èyí tí wọ́n fi ń kó ìtì igi, tí wọ́n yọ gbogbo irin sítíárìn rẹ̀ dànù, tí wọ́n fi ti katakátá rọ́pò, èyí tó jẹ́ pé rọ́bà méjì tí ọ́ìlì ń gbà kọjá nìkan ló so ọwọ́ awakọ̀ mọ́ táyà. Ó rọ̀ lọ́wọ́ bí òwú, n kò sì lè bá ọ̀gbẹ́ni náà jà pé ó fẹ́ ohun tó rọ̀, nítorí mo mọ bí sítíárìn ọkọ̀ agi àtijọ́ ṣe ń fa apá ènìyàn ya. Lóko, ó bójú mu. Katakátá kì í sáré, bí rọ́bà bá sì bẹ́, yóò dúró láàárín ebè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí ń gbé ìtì igi jáde sójú ọ̀dà. Bí rọ́bà bá bẹ́ níbẹ̀, awakọ̀ yóò máa yí sítíárìn lọ, yóò máa yí i bọ̀, táyà kò sì ní í gbọ́. Ó yàtọ̀ sí páwà sítíárìn tí gbogbo wa mọ̀, tó jẹ́ pé bí ọ́ìlì bá tán yóò wúwo lọ́wọ́, ṣùgbọ́n irin ṣì so ọwọ́ mọ́ táyà, ènìyàn á sì lè fi agídí gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí agbégilódò bá fẹ́ ìrọ̀rùn, kí ó fi irin rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀, kí ó wá fi ẹ̀rọ ọ́ìlì tó ń bá a tì í sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè ṣe é. Ẹnìkan sọ fún mi pé ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ Cybertruck tí Tesla ń ṣe kò ní irin kankan láàárín sítíárìn àti táyà. Òótọ́ ni, wáyà ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é fi ẹ̀rọ arọ́pò sí i kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá kú. Èwo ni arọ́pò rọ́bà ọkọ̀ agi?

Ẹ má ṣe gbọ́ mi ní òdì, Olóòtú. N kò ní kí wọ́n fòfin de yíyí sítíárìn, n kò sì kórìíra àwọn mẹkáníìkì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jókòó níwájú mi ní kíláàsì, ara ẹ̀bi náà sì lè jẹ́ tèmi tí n kò fi ọ̀rọ̀ omi àti irin gbígbóná yé wọn tó. Iṣẹ́ yìí ṣe é ṣe dáadáa. Land Rover tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1948 ni a ṣe lọ́nà tí ó lè gba sítíárìn sí ọ̀tún tàbí sí òsì, àní èyí tí wọ́n fi dánra wò ní ọdún tó ṣáájú, àárín gbùngbùn ni sítíárìn rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ yí jíìpù rẹ̀, kí ó wá gbogbo ẹ̀yà irú ọkọ̀ kan náà tí a ṣe fún ọwọ́ òsì: bọ́ọ̀kìsì rẹ̀, irin gígùn rẹ̀, irin tó di ẹsẹ̀ mú pẹ̀lú ibi tí a ń kàn án mọ́, kí ó má gé ti tẹ́lẹ̀ kí ó tún un jó. Àlòkù rẹ̀ láti òkè òkun, tí a ń pè ní Bẹ́ljíọ̀m, wà ní ọjà Ládìpọ̀ ní Èkó, ó sì wọ́n. Owó tí wọ́n ní kí n mú wá fún tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí mo fi ra ọkọ̀ náà, mo sì mọ̀ pé ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń gé irin.

Ohun tí mò ń bẹ ìjọba Èkìtì fún kò ju ìwé pélébé kan lọ. Àwọn VIO, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò, wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn náà ló sì ń fún wa ní ìwé pé ọkọ̀ yẹ lójú ọ̀nà. Kí wọ́n pàṣẹ pé ṣọ́ọ̀bù tó bá yí sítíárìn ọkọ̀, tó gé irin rẹ̀ tàbí tó jó o, yóò kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀, yóò kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é, yóò fọwọ́ sí i, yóò sì ya fọ́tò ojú jíjó náà kí wọ́n tó fi ọ̀dà bò ó, nítorí ọ̀dà ló ń bo àṣírí wẹ́dà. Kí VIO wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ó lu òǹtẹ̀ lé e, kí ìwé náà sì máa tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ bí ó bá pààrọ̀ ọwọ́. Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ: pé ìwé tuntun, ẹnu ọ̀nà ẹ̀gúnjẹ tuntun ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ pé orúkọ òun wà nínú ìwé kan lọ́wọ́ ẹni tí òun kò mọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó lọ ra kọ́tà píìnì.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo gbé ìṣó yẹn dání, mo lọ sí abúlé mẹkáníìkì tí wọ́n ní wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n gbà mí dáadáa, wọ́n fún mi ní àga. Ọ̀gá ibẹ̀ yí ìṣó náà wò lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìṣó kò ní orúkọ lára. Ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ òun ní ọdún yẹn, àwọn méjì ti wà ní Èkó, ẹ̀kẹta ti ń wa ọ̀kadà, òun kò sì rántí èwo nínú wọn ló jó irin náà. N kò rò pé irọ́ ló ń pa.

Mo ti yọ irin gígùn náà kúrò, jíìpù sì wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé mi láti ìgbà náà. Ìwé ìyẹ-ojú-ọ̀nà rẹ̀ kò tíì parí. Ó ku oṣù márùn-ún.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ iṣẹ́ irin tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.